Apá òsì RV-7 mi ń wúwo: báwo ni kí n ṣe so sípíríǹgì trim mọ́ aileron?

Òfurufú_Atlanta:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé.

RV-7, bàálù kékeré oníjókòó méjì tí mo kọ́ sínú gáréèjì wa níbí ní Georgia, ti ń fò. Phase I ni mo ṣì wà, ìyẹn ìgbà tí FAA, àjọ tó ń ṣàkóso òfurufú ní Amẹ́ríkà, ní kí n máa dán an wò kí n tó lè gbé èrò. Ẹ́ńjìnnì dára, rọ́dà (páànù ìrù tó ń yí imú bàálù sí òsì tàbí ọ̀tún) dára, kò sí ariwo àjèjì kankan. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé apá òsì ń fẹ́ lọ sílẹ̀. Bí mo bá fi ọ̀pá ìdarí sílẹ̀, bàálù á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sí òsì. Kì í já lulẹ̀ o, ṣùgbọ́n kì í dúró. Ọwọ́ ni mo fi ń ti ọ̀pá sí ọ̀tún láti ìgbà tí mo bá gbéra títí mo fi máa balẹ̀, apá á sì máa ro mí.

Trim (ohun tó ń bá èèyàn di ọ̀pá mú kí ọwọ́ lè sinmi) ti elevator, páànù ìrù tó ń gbé imú sókè sódò, nìkan ni mo fi sí i nígbà tí mò ń kọ́ ọ. Mi ò fi ti aileron sí i, ìyẹn páànù tó ń yí lẹ́yìn apá kọ̀ọ̀kan láti tẹ bàálù sí ẹ̀gbẹ́. Mo wá ra servo (mọ́tò kékeré) Ray Allen kan àti sípíríǹgì méjì. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé kí servo wà lábẹ́ ìjókòó, kí sípíríǹgì kan fa ọ̀pá láti òsì, kí ìkejì fà á láti ọ̀tún. Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì, servo á fa ọ̀kan, á dẹ èkejì.

Ibo lára ọ̀pá ni kí n so wọ́n mọ́, lókè ni àbí nísàlẹ̀? Báwo ni sípíríǹgì ṣe gbọ́dọ̀ le tó? Ṣé servo yìí dára ni, àbí kí n dá a padà kí n lo lífà tí a ń fi ọwọ́ tì?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_TX:
Ẹ kú oríire bàálù tuntun, bùọ̀dá. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín nínú ẹ̀.

RV-6, ẹ̀gbọ́n RV-7, lèmi ń fò, ó sì ti pẹ́. Lífà ni mo lò. Àárín ìjókòó méjèèjì ló wà, sípíríǹgì méjì so mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀pá, ó parí. Kò sí wáyà, kò sí fíúsì, kò sí mọ́tò tó máa kú lójú ọ̀run. Mo lu ihò kékeré kan sára ọ̀pá, mo sì fi ìkọ́ sípíríǹgì há a. Bí ẹ bá rí i pé agbára ẹ̀ ò tó, ẹ tún un fà kó le sí i. Ẹ dá servo yẹn padà, ẹ gba owó yín.

Ẹ̀gbọ́n_Kàdúná:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lu ihò kankan sára ọ̀pá ìdarí.

Mo ṣe mẹkáníìkì ní iléeṣẹ́ ológun òfurufú Nàìjíríà kí n tó kó wá sí Maryland. Air Beetle, bàálù ìkọ́ṣẹ́ tí iléeṣẹ́ AIEP tò ní Kàdúná, wà lára àwọn tí mo fọwọ́ tún ṣe. Ara RV-6A ni wọ́n ti mú Air Beetle jáde, nítorí náà abẹ́ ìjókòó tí ẹ ń sọ yìí kò ṣàjèjì sí mi.

Páìpù ni ọ̀pá náà. Gbogbo agbára ọwọ́ yín, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń gbà kọjá, ibi tí ẹ bá sì lu ihò sí ni ara irin á ti kọ́kọ́ là. Kílàǹpù Adel ni kí ẹ wá, èyí tí wọ́n fi rọ́bà tẹ́ inú rẹ̀, kó bá ìwọ̀n páìpù yín mu. Ẹ dì í mọ́ ọ̀pá, kí ẹ fi bóòtù ọkọ̀ òfurufú AN3 mú un, kí ìkọ́ sípíríǹgì wà lára bóòtù yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, ẹ tú u, ẹ sún un. Kò sí ohun tó bàjẹ́.

Ohun kejì: àwọn èèyàn máa ń rántí òsì àti ọ̀tún, wọn a gbàgbé iwájú àti ẹ̀yìn. Ọ̀pá yín ń lọ síwájú fún elevator pẹ̀lú, ó sì ń fa sípíríǹgì dání. Ẹ tì í síwájú pátápátá, sẹ́yìn pátápátá, sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹnìkan fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀. Sípíríǹgì kò gbọ́dọ̀ fi ara kan wáyà, kò gbọ́dọ̀ fi ara kan páìpù epo, kò sì gbọ́dọ̀ kọ́ etí irin kankan níbì kan tí ọwọ́ yín ò lè dé lójú ọ̀run.

Ìyá_Ìbejì_Kent:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi apá yẹn ní ohun tó ń ṣe é.

Bùọ̀dá Atlanta, bí apá òsì bá ń wúwo, ó ní ìdí. Sípíríǹgì á gbà yín lọ́wọ́ ìrora apá lóòótọ́, ṣùgbọ́n á bo ìdí yẹn mọ́lẹ̀. Nítorí náà ẹ dá mi lóhùn. Nígbà tí apá ń wúwo, ṣé bọ́ọ̀lù inú gíláàsì tó ń fi hàn bóyá bàálù ń yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wà láàárín gẹ́lẹ́? Bí bọ́ọ̀lù bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, rọ́dà ló ń yọ yín lẹ́nu, ẹ kúrò lọ́dọ̀ aileron ná. Epo ńkọ́, ṣé ó dọ́gba nínú táǹkì méjèèjì? Ẹ̀yin nìkan lẹ sì ń fò, ìjókòó òsì lẹ sì wà, ìwọ̀n yín nìkan náà ń fa òsì díẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: bí ẹ bá ń sáré sí i, ṣé ìwúwo yẹn ń pọ̀ sí i, ṣé ó ń dín kù, àbí bákan náà ló wà?

Ẹ gúnlẹ̀ kí ẹ tún wo fláàpù, páànù ẹ̀yìn apá tí a ń sọ̀ kalẹ̀ láti balẹ̀. Ẹ gbé fláàpù sókè, ẹ jẹ́ kí aileron méjèèjì wà ní àárín, ẹ wá wo bóyá etí ẹ̀yìn fláàpù àti ti aileron wà lórí ìlà kan náà ní apá méjèèjì. Fláàpù kan tó fi díẹ̀ sọ̀ sílẹ̀ tó láti gbé apá kan.

Níbí ní ọ̀dọ̀ wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, LAA, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó irú àwọn bàálù tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, ò ní gbà kí n so ohunkóhun mọ́ ìdarí láìjẹ́ pé mo kọ̀wé sí wọn kí wọ́n fọwọ́ sí i. Bí a bá sì tú ohunkóhun lára ìdarí, ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí ìwé. Òfin yín lọ́hùn-ún kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bá mi pe ẹlòmíràn wá wò ó.

Òfurufú_Atlanta:
Ẹ ṣé gan-an, àǹtí. Bọ́ọ̀lù wà láàárín. Mo máa ń yí epo padà láti òsì sí ọ̀tún ní ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan, nítorí náà epo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ní 100 knot (òṣùwọ̀n eré bàálù), mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Tí mo bá dé 150 knot ló máa ń wúwo gidi. Mo wo fláàpù, ìlà kan náà ni.

Ìṣirò_Ifẹ̀:
Ìdáhùn yín yẹn ló yanjú ọ̀rọ̀, bùọ̀dá. Mi ò ní bàálù o, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sípíríǹgì ni oúnjẹ òòjọ́ mi.

Ohun méjì ló lè mú apá kan wúwo. Ọ̀kan ni ẹrù: epo tó pọ̀ lápá kan tàbí èrò tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èkejì ni àbùkù ara: apá tàbí aileron tí ìrísí wọn kò bára mu. Afẹ́fẹ́ ò ka méjèèjì sí bákan náà. Agbára tí àbùkù ara ń lò ń pọ̀ pẹ̀lú eré ní ìlọ́po ara rẹ̀. Láti 100 knot dé 140 knot, eré pọ̀ ní ìlọ́po 1.4, ṣùgbọ́n agbára tó dé ọwọ́ yín pọ̀ ní ìlọ́po 1.96, ó kù díẹ̀ kó di ìlọ́po méjì. Ti ẹrù yàtọ̀. Epo kò mọ̀ bóyá ẹ ń sáré. Bí ẹ bá rọra ń lọ, aileron gbọ́dọ̀ yí púpọ̀ kó tó gbé apá náà. Bí ẹ bá ń sáré, díẹ̀ ló máa yí. Ṣùgbọ́n agbára ọwọ́ tí ẹ ń lò fẹ́rẹ̀ẹ́ wà bákan náà ní eré gbogbo.

Sípíríǹgì náà kò mọ eré. Agbára kan náà ló ń fà ní 80 knot àti ní 160 knot. Ẹ wá rí i pé òun àti ẹrù bára wọn mu: bí ẹ bá fi sípíríǹgì gbé epo tó pọ̀ lápá kan, á gbé e dọ́gba láti ìgbà tí ẹ gbéra títí tí ẹ máa fi balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi gbé àbùkù ara, eré kan ṣoṣo ló máa bá mu. Tí ẹ bá tò ó dọ́gba ní 150 knot, ẹ ó dín eré kù láti balẹ̀, sípíríǹgì á ṣì máa fà bó ṣe ń fà lókè, apá ọ̀tún á wá máa lọ sílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ti sún mọ́ yín. Tiyín ń pọ̀ pẹ̀lú eré, nítorí náà àbùkù ara ni. Ẹ kọ́kọ́ tún aileron ṣe, kí ẹ fi sípíríǹgì sílẹ̀ fún epo àti èrò.

Bùọ̀dá Ìjẹ̀bú, ẹ má bínú sí mi, fífà á le kì í fi kún agbára trim. Bí sípíríǹgì méjèèjì bá ti wà ní fífà, bí ọ̀kan ṣe ń fa òsì sí i ni èkejì ń fa ọ̀tún sí i, wọ́n á pa ara wọn rẹ́. Ohun tó ń yí agbára padà ni sípíríǹgì fúnra rẹ̀. Bí irin tí wọ́n fi ká a bá nípọn ní ìlọ́po méjì, líle rẹ̀ á di ìlọ́po 16. Bí òrùka rẹ̀ bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, líle rẹ̀ á di ìdá kan nínú 8. Bí ẹ bá gé e sí méjì, ìdajì kọ̀ọ̀kan á le ní ìlọ́po méjì ti odindi. Nítorí náà, bí ẹ bá lọ ra sípíríǹgì, ẹ mú òṣùwọ̀n irin dání. Ìyàtọ̀ kékeré tí ojú ò rí, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n.

Fífà á ní ìwúlò mìíràn: kí ó má baà dẹ̀. Ká ní ibi tí ẹ so ó mọ́ lára ọ̀pá ń rin 1.5 ínǹṣì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, servo sì ń rin 0.6 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọ̀pá wà láàárín, sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ti fà ju 2.1 ínǹṣì lọ. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ọ̀kan á dẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti ọ̀pá dé òpin, ìkọ́ rẹ̀ á sì lè yọ. Èyí túmọ̀ sí pé ní òpin kejì, ó máa fà ju 4.2 lọ. Ẹ wo ìwé sípíríǹgì yín bóyá ó lè fà tó bẹ́ẹ̀ láìsí pé ó nà tí kò ní kó ara jọ mọ́.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_TX:
Mo ti ka á, mo sì dúpẹ́, ọ̀gá. Lórí fífà, mo gbà.

Lórí pé kó kọ́kọ́ tún aileron ṣe, mi ò gbà. Títẹ etí ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n fi ń tún un ṣe. Sípíríǹgì tí kò bá dára, èèyàn á tú u dànù. Etí aileron tí èèyàn bá fi píláyà tẹ̀, ta ló máa bá a yọ ọ́ padà? Mo mọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jù, tó wá di pé apá kejì ló ń wúwo, tó wá ń tẹ ìyẹn náà. Ibi tí wọ́n máa bá a dé, wọn ò mọ̀. Bàálù tuntun tí èèyàn fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, kó tún wá máa fi píláyà lé e lórí!

Awakọ̀_Dublin:
Aileron apá tó ń wúwo ni wọ́n ń tẹ̀, àbí? Ti òsì.

Ọlọ́wọ́_Irin:
Rárá o, Awakọ̀. Ti apá tó fúyẹ́ ni. Apá òsì ló ń wúwo, etí aileron ọ̀tún ni kó tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kó má baà dà bí àṣírí.

Bí bàálù bá ń fò, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ fa aileron méjèèjì sókè. Ọ̀pá tó so wọ́n pọ̀ lábẹ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n lọ. Bí ọ̀kan bá gòkè, èkejì á sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ń bára wọn fà á. Etí ẹ̀yìn tó yíká, tó sì nípọn, ń dín ìfẹ́ àtigòkè yẹn kù. Etí tó mú ń fi kún un. Bí o bá tẹ etí aileron ọ̀tún kó mú díẹ̀ sí i, ti ọ̀tún á borí, á gòkè díẹ̀, ti òsì á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, apá òsì á sì gbéra. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé afẹ́fẹ́ náà ló ń ṣe é, bí eré ṣe ń pọ̀ ni àtúnṣe náà ń pọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yàtọ̀ sí sípíríǹgì.

Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ gbé rúlà gígùn lé aileron méjèèjì láti híǹjì dé etí, lókè àti nísàlẹ̀. Ibi tí rúlà bá ti gbéra kúrò lára irin nítòsí etí, irin wú níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá wú tí èkejì kò wú, ẹ ti rí ọ̀daràn. Ẹ wo gíga híǹjì pẹ̀lú: ṣé ojú aileron àti ojú apá dọ́gba bákan náà lápá méjèèjì?

Bùọ̀dá Ìjẹ̀bú, ẹ̀rù yín kì í ṣe lásán. Píláyà lásán ń fi ojú eyín sílẹ̀, ó sì ń tẹ ibì kan ju ibì kan lọ. Pákó pẹlẹbẹ méjì ni kí ó fi sí òkè àti ìsàlẹ̀ etí, kó wá fi píláyà ẹlẹ́nu gbọọrọ ti àwọn oníṣẹ́ páànù fún pákó yẹn. Kó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kó sún un, kó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Bí ojú bá lè rí ìyàtọ̀ tó ti ṣe, ó ti pọ̀ jù. Kó lọ fò ó, kó padà wá. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jù tí ẹ sọ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan náà ló fẹ́ parí iṣẹ́.

Ẹnjiníà_Ìkẹjà:
Ẹ kú àgbéyẹ̀wò o. Ọ̀rọ̀ aileron ti wà lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n, mo fẹ́ sọ ti sípíríǹgì fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tó bá ń tún ọkọ̀ òfurufú ṣe ní Èkó, ìpẹtà ni ọ̀tá rẹ̀. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ ń fẹ́ láti òkun, ọ̀rinrin ò sì lọ.

Sípíríǹgì dúdú tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, irin tí wọ́n fi ń ṣe wáyà dùùrù ló pọ̀ jù nínú wọn. Ó lágbára, ṣùgbọ́n bí òróró ara rẹ̀ bá gbẹ, á dípẹtà. Ìpẹtà kékeré kan lára sípíríǹgì tó ń fà, tó ń dẹ̀ lójoojúmọ́, ibẹ̀ ló ti máa já. Ẹ lo stainless, irin tí kì í tètè dípẹtà. Kò le tó èkejì bí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba, ṣùgbọ́n Georgia náà ní ọ̀rinrin tirẹ̀.

Ibi tí sípíríǹgì sábà máa ń já sí ni ìkọ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ irin kó dìde láti ara òrùka. Ẹ má ṣe ra èyí tí wọ́n ṣẹ́ ìkọ́ rẹ̀ lójijì. Èyí tó rọra yí ló dára. Ẹ má sì fi píláyà ṣẹ́ ìkọ́ tuntun fúnra yín sí orí sípíríǹgì tí ẹ gé. Bí ìkọ́ náà bá wọ inú ihò irin, ẹ yọ etí mímú ihò yẹn kúrò.

Ẹ rò ó pé ó já lójú ọ̀run. Ohun méjì ló máa ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó kù á fa ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ lè borí rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Èyí tó já á jábọ́ sí abẹ́ ìjókòó, níbi tí àwọn ọ̀pá aileron àti ti elevator ń gbà kọjá. Ìyẹn ló ń ba èmi lẹ́rù ju ìfà lọ. Ẹ ki okùn wáyà tín-ín-rín kan gba inú sípíríǹgì, kí ẹ so orí rẹ̀ méjèèjì, kó gùn tó láti má dí ìrìn rẹ̀ lọ́wọ́. Bí sípíríǹgì bá já, okùn á gbé e dúró. Ẹ wá fi rọ́bà tó ń súnkì bò ó lára kó má baà máa lu irin.

Jẹ́jẹ́_Leeds:
Ẹ fi autopilot, ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn wa bàálù fúnra rẹ̀, sí i, ẹ sinmi. Òun ni mo fi sí tèmi, mi ò ní trim aileron rárá.

Ìyá_Ìbejì_Kent:
Autopilot ń di apá yẹn mú fún yín ni, kò gbé ìwúwo rẹ̀ kúrò. Servo rẹ̀ á máa ti ọ̀pá láìsinmi, ẹ̀yin ò sì ní mọ̀, nítorí ọwọ́ yín kò sí níbẹ̀. Bí epo bá ti wá pọ̀ lápá kan, tí ẹ tẹ bọ́tìnnì láti pa á, gbogbo ohun tó dì mú á bọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń lo autopilot gan-an ló yẹ kó ní trim, kó máa fi ọwọ́ tò ó dọ́gba kó tó tan án. Ẹ lọ wo tiyín, Jẹ́jẹ́: ẹ pa á lókè níbi tí àyè wà, ẹ wo ohun tí apá máa ṣe.

Òfurufú_Atlanta:
Ẹ kú àdúrótì o. Mo ní ìròyìn.

Mo gbé rúlà lé e gẹ́gẹ́ bí Ọlọ́wọ́_Irin ṣe sọ. Etí aileron ọ̀tún wú díẹ̀ ní ìdajì tó sún mọ́ òpin apá. Ti òsì mú dáadáa. Mo fi pákó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, mò ń fò ó láàárín. Báyìí, bí epo bá dọ́gba, mo lè fi ọ̀pá sílẹ̀ ní 150 knot, kò sì sí ìyàtọ̀ kankan nígbà tí mo bá ń bọ̀ wá balẹ̀. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ṣùgbọ́n mo fi epo dán an wò pẹ̀lú. Mo lo ti ọ̀tún nìkan títí gálọ́ọ̀nù 10 fi yàtọ̀ láàárín táǹkì méjèèjì. Gálọ́ọ̀nù epo bàálù 100LL kan wọn pọ́ùn 6, pọ́ùn 60 nìyẹn lápá òsì. Apá òsì lọ sílẹ̀ padà. Nítorí náà mo ṣì fẹ́ trim náà. Mo mú òṣùwọ̀n tí àwọn apẹja ń lò, mo fi kọ́ orí ọ̀pá kí n lè mọ bí sípíríǹgì ṣe máa le tó. Mo dì kílàǹpù mọ́ ọ̀pá, ṣùgbọ́n mo rí i pé bí mo bá gbé e sókè, trim lágbára sí i, ọ̀pá náà sì le jù láti tì. Ara RV ni bí aileron rẹ̀ ṣe fúyẹ́ lọ́wọ́, mi ò fẹ́ pàdánù ìyẹn. Servo tí mo rà ni T3-12A, 1.2 ínǹṣì ló ń rìn lápapọ̀. Báwo ni mo ṣe máa so wáyà rẹ̀?

Ìṣirò_Ifẹ̀:
Ẹ kú oríire! Lórí ibi tí ẹ máa so ó mọ́: ẹ lọ sísàlẹ̀, kí ẹ lo sípíríǹgì tó le jù.

Wò ó báyìí. Bí ẹ bá gbé kílàǹpù láti 2 ínǹṣì lókè ibi tí ọ̀pá ti ń yí lọ sí 4 ínǹṣì, agbára trim á di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n líle tí ọwọ́ yín ń bá pàdé nígbà tí ẹ bá ń ti ọ̀pá á di ìlọ́po mẹ́rin, nítorí pé sípíríǹgì ń fà jìnnà ní ìlọ́po méjì, ó sì tún ń lo ọwọ́ gígùn ní ìlọ́po méjì. Gbígbé e sókè ń fún yín ní trim, ó sì ń gba ìfúyẹ́ ọ̀pá lọ́wọ́ yín ju èyí tó fún yín lọ. Tí ẹ bá dúró ní 2 ínǹṣì tí ẹ fi sípíríǹgì tó le ní ìlọ́po méjì sí i, trim á di ìlọ́po méjì, líle ọ̀pá náà á di ìlọ́po méjì péré. Àǹfààní kejì: nísàlẹ̀, ọ̀pá ò fi bẹ́ẹ̀ rìn, sípíríǹgì kò ní nílò ìfà gígùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹnjiníà_Ìkẹjà:
Wáyà márùn-ún ló jáde lára servo yẹn. Funfun méjì ni ti mọ́tò. Àwọn tó kù, tí wọ́n ní àwọ̀, ti iná tó ń fi ipò trim hàn ni. Ẹ so funfun méjèèjì gba inú súwíìṣì, kí ẹ fi fíúsì tiẹ̀ sí i lọ́tọ̀, kí ẹ má pa á pọ̀ mọ́ rédíò tàbí iná. Bí bọ́tìnnì bá há sínú, tí trim ń lọ fúnra rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ lè gba iná lẹ́nu rẹ̀ láìsí pé ẹ pa ohun mìíràn. Ibi tí ẹ fi fíúsì yẹn tàbí breaker rẹ̀ sí, ọwọ́ gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ pẹ̀lú bẹ́líìtì lára yín.

Ẹ tẹ bọ́tìnnì òsì: ọ̀pá gbọ́dọ̀ rìn sí òsì, aileron òsì gbọ́dọ̀ gòkè, ti ọ̀tún gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá ṣe òdìkejì, ẹ pààrọ̀ wáyà funfun méjèèjì, ó parí. Ẹ má gbà á lọ́kàn pé ó máa tọ́. Ẹ fi ojú rí aileron.

Wáyà servo tín-ín-rín gan-an. Ẹ dì í mọ́ ara bàálù nítòsí servo, kí sípíríǹgì má baà máa fi lé ara.

Ẹ̀gbọ́n_Kàdúná:
Kí ẹ tó fò ó, ẹ ṣe èyí nílẹ̀. Ẹ sáré trim dé òpin òsì. Ẹ ti ọ̀pá sí ọ̀tún títí yóò fi kan ìdúró rẹ̀ gangan. Kó má jẹ́ pé sípíríǹgì ló dá a dúró. Ẹ ṣe òdìkejì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ sípíríǹgì kan kúrò pátápátá, ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe pẹ̀lú ọ̀kan tó kù, nítorí bó ṣe máa rí nìyẹn lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá já. Bí ọ̀pá bá dé ibi gbogbo tí ó yẹ kó dé, tí ọwọ́ kan sì tó fún un, mo gbà.

Ìfò àkọ́kọ́, ẹ lọ sókè dáadáa, ẹ fi trim dé òpin ní eré kékeré, kí ẹ tó sáré. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú lọ́ọ̀gì. Ẹ sì ka operating limitations, ìyẹn ìwé òfin bí ẹ ṣe lè fo bàálù yín, kí ẹ mọ bóyá ohun tí ẹ fi kún ìdarí yìí jẹ́ àyípadà ńlá tó ní ìdánwò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìwé bàálù kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ti ara rẹ̀. Ẹ má gba ti ẹlòmíràn gbọ́.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_TX:
Ẹ kú oríire, bùọ̀dá Atlanta. Ẹ̀gbọ́n Kàdúná, mo ti ra kílàǹpù. Lífà mi ṣì wà níbẹ̀ o, mi ò ní gba servo láé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹlòmíràn tún sọ fún mi pé kí n fi irin pẹlẹbẹ kékeré mọ́ etí ẹ̀yìn aileron, kí n máa tẹ̀ ẹ́ sókè sódò dípò sípíríǹgì. Ṣé ìyẹn dára?

Ọlọ́wọ́_Irin:
Ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń tẹ̀lé eré bíi títẹ etí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn híǹjì lẹ ń fi ẹrù sí. Aileron yín ní páìpù irin nínú etí iwájú rẹ̀ tó ń dọ́gba ìwọ̀n ẹ̀yìn. Nítorí kó má baà gbọ̀n ní eré ńlá ni wọ́n fi sí i, gbígbọ̀n yẹn sì lè fa aileron ya kúrò kí awakọ̀ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ohun kékeré tó jìnnà sí híǹjì, ìwọ̀n rẹ̀ ń pọ̀. Ọ̀dà tí wọ́n kùn ní ìlọ́po méjì gan-an ka kún un. Bí ẹ bá máa fi sí i, ẹ yọ aileron, ẹ gbé e kọ́ híǹjì rẹ̀ lórí tábìlì lẹ́yìn tí irin náà ti wà níbẹ̀ tí ọ̀dà sì ti gbẹ, kí ẹ wò ó bóyá ó ṣì dọ́gba bí ìwé ìkọ́lé ṣe ní kó dọ́gba. Bí iwájú rẹ̀ kò bá wúwo tó mọ́, ẹ yọ irin yẹn.